Àtùpà Tí Mo Gbé Wọ Igbó Òtútù

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó bá ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ẹ̀yin tí òjò ká mọ́ abẹ́ àtíbàbà mi lọ́sàn-án òní, ẹ sún mọ́ra, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí aṣọ wọn tutù kí wọ́n lè yáná. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí ìdí tí irun orí mi fi funfun bí òwú láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀rín ni mo sì máa ń fi dá yín lóhùn. Ẹ̀rín náà ti sú mi. Èmi Ọdẹ́níyì, tí mo yìnbọn fún ẹfọ̀n kan tí ẹfọ̀n méjì ṣubú, nítorí pé ẹ̀rù ló pa èkejì; èmi tí ẹkùn rí mi lójú ọ̀nà tó yà fún mi bí ìyàwó ilé ṣe ń yà fún bàbá ọkọ; ẹsẹ̀ ń dùn mí nísinsìnyí, eegun ẹ̀yìn mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àárẹ̀ tí mo kó nínú igbó kan ṣoṣo náà kò sì tíì tán lára mi. Ìrìn àjò yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni màá sọ ọ́. Ẹni tó bá sùn lọ láàárín rẹ̀, ara rẹ̀ ló sun lé lórí.

Kí n tó wọ igbó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Àwẹ̀ró ìyàwó mi, nítorí pé òun ni ìdí ọ̀rọ̀. Aránṣọ ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà odò, mo ti ń bọ̀ láti oko ọdẹ pẹ̀lú iná níwájú orí. Ẹ mọ̀ pé bí ọdẹ bá gbúròó nǹkan, ojú nǹkan náà ló máa ń taná sí. Ojú ẹran ni yóò sọ fún un bóyá ẹtu ni tàbí ìkookò. Ẹran tí iná bá sì bà lójú báyìí, ó di kó dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe taná sójú ọmọbìnrin yìí nìyẹn. Kò sá. Kò sì dúró bí ẹran. Ó fi ọwọ́ kan gbá ìkòkò omi rẹ̀ mú, ó fi èkejì bo ojú, ó ní, “Ẹ̀yin ọdẹ, ṣé ẹtu ni mo jọ lójú yín ni? Ẹ paná yẹn. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ bá mi sọ, ẹ jókòó.” Ẹ̀yin ará mi, mo paná, mo jókòó sórí igi tó wó. Àyà mi ń lù kì-kì-kì, èmi tí àyà mi kì í lù níwájú ẹfọ̀n. Nínú òkùnkùn yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ni òórùn ọṣẹ ara rẹ̀ ti fẹ́ sí mi, mo sì mọ̀ pé bí ayé bá fi ọmọbìnrin yìí dù mí, èmi pẹ̀lú ayé la jọ máa wọ̀yá ìjà. A ṣe ìgbéyàwó kí ọdún tó yí po.

Ní ọdún kejì, ojú Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, kò rí ihò rẹ̀ mọ́, èmi ni mò ń bá a fi òwú sí i. Nígbà tó yá, kò mọ aṣọ pupa yàtọ̀ sí aṣọ aró. Lọ́jọ́ kan, mo dúró níwájú rẹ̀ gan-an, mo rẹ́rìn-ín sí i, kò rẹ́rìn-ín padà. Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún bí ọmọdé. Olúọ́dẹ ìlú wa ló wá là mí lọ́yẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ́níyì, adágún kan wà láàárín Igbó Òtútù. Oòrùn kì í débẹ̀, omi ojú rẹ̀ ti dì bí yìnyín, ó le tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè rìn lórí rẹ̀. Àgọ́ kan wà láàárín rẹ̀. Inú àgọ́ yẹn ni wàá jókòó sí, wàá fi àáké dá yìnyín lu, wàá sọ ìwọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹja ibẹ̀ ló lè la ojú ìyàwó rẹ, bó bá jẹ ẹ́ kí òkùnkùn tó bo ojú rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹja náà kì í wá àfi ibi tí iná bá wà. Kí o má sì gbé àtùpà ọdẹ lọ o, èyí tí iná ń jó lẹ́nu rẹ̀. Ooru rẹ̀ ni yóò yọ́ ilẹ̀ tó o jókòó lé. Ọdẹ mẹ́jọ ni mo mọ̀ tó rì síbẹ̀ pẹ̀lú àtùpà lórí. Iná oníbátìrì ni kó o wá.”

Báyìí ni mo fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́, ó di ìsọ̀ Bàbá Mọrúfù, tó ń ta iná tó sì ń tún rédíò ṣe lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Bàbá náà gbé iná mẹ́ta síwájú wa. Àkọ́kọ́ ni tọ́ọ̀ṣì gbọọrọ kan tó ń jẹ bátìrì ńlá mẹ́rin, tó jẹ́ pé bí o bá tàn án lọ́sàn-án, wàá ṣì rí ojú rẹ̀ lára ògiri. Èkejì ni iná tí wọ́n ń so mọ́ orí, èyí tí wọ́n ń ṣáàjì. Ẹ̀kẹta ni àtùpà kékeré kan tó ní ìkọ́ lórí, bátìrì kéékèèké mẹ́ta ló ń jẹ, iná rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó sì ní kókó kan tí èèyàn lè yí kó rẹlẹ̀ sí i.

Mo na ọwọ́ sí tọ́ọ̀ṣì ńlá. Bàbá Mọrúfù fi ẹnu tọ́ka sí èyí tí wọ́n ń ṣáàjì, ó ní, “Mo gbé èyí wá kí n lè sọ fún ọ pé kó o má rà á. Bó bá kú sínú igbó, ṣé ara ìrókò lo máa kì í bọ̀ láti ṣáàjì ẹ̀?”

Mo ní, “Èyí tó tóbi yìí ni mo fẹ́, bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

“Mo mọ̀ pé ìyẹn lo máa sọ. Ẹ̀yin ọdẹ, iná tó ń fọ́ ojú ẹran lẹ máa ń fẹ́. Ọdẹ́níyì, o ò lọ fi iná wá ẹja kiri o. Jíjókòó lo fẹ́ lọ jókòó. Iná funfun yìí, bó bá kan yìnyín, yóò ta padà sójú ìwọ fúnra rẹ. Ó sì ń jẹun bí àlejò tí kò mọ ilé tó kàn. Àtùpà kékeré yìí máa tàn fún ọ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ra bátìrì tuntun, kó o má da ògbólógbòó mọ́ ọn, kó o sì tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù sára rẹ, òtútù máa ń pa bátìrì bí ó ṣe ń pa òròmọdìẹ.”

Àwẹ̀ró ní kí wọ́n tan méjèèjì fún òun. Nígbà tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n tan àtùpà kékeré, ó sún mọ́ ọn, ó ní, “Èyí ò dun ojú mi.” Ìfẹ́ mú mi, mo ra àtùpà kékeré náà fún un, mo ra tọ́ọ̀ṣì fún ara mi. Nígbà tí a délé, ó gbé e sínú àpò ọdẹ mi. Mo ní tirẹ̀ ni. Ó ní, “Kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe mọ́? Ẹ gbé e lọ, kí ó máa rántí mi fún yín.” Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí i? Mo gbé e.

Ẹ wá gbọ́ ìwà ọdẹ. Mo ra bátìrì tuntun mẹ́fà fún àtùpà kékeré, nítorí pé ti Àwẹ̀ró ni. Ṣùgbọ́n fún tọ́ọ̀ṣì, tuntun méjì ni mo fi sí i, mo fi ògbólógbòó méjì tí mo ti sá sórí páànù fún ọjọ́ mẹ́ta kún un. Ta ni kò mọ̀ nínú yín pé bátìrì tó bá rí oòrùn máa ń jí padà? Bàbá mi ń sá a, ìyá mi ń sá a, kò sí òrùlé kan ní ìlú wa tí bátìrì kò sí lórí rẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Mo tẹ eyín mọ́ ọn, ó korò lẹ́nu mi, mo ní ó ti yó.

Màá fo ìrìn ọjọ́ márùn-ún, nítorí pé àárẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà Igbó Òtútù, igi méjì fara ti ara wọn bí òpó ilẹ̀kùn, ẹ̀dá kan sì jókòó sáàárín wọn tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó fi ọ̀kan tẹ́ ìjókòó, ó fi ìkejì bora. Elétí-Ewé-Kókò ni mo sọ ọ́. Kò wò mí. Ó ní, “Mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ láti àná. Ọmọ èèyàn, kí ló kan ògiri tí orí kò fọ́ ọ?”

Mo ní, “Ìmọ́lẹ̀.”

“Ẹnu rẹ mú. Kí ló jókòó, tí ohun tó ń wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá a?”

“Pàkúté.”

Ó mi etí méjèèjì, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ fìlà kúrò lórí mi. “Ìdáhùn ọdẹ nìyẹn. Ó tó láti wọlé, kò tó láti jáde. Nígbà tó o bá ń bọ̀, bó o bá ń bọ̀, wàá sọ ìdáhùn mìíràn fún mi.” Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, mo kọjá.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ò tíì rí òtútù. Ẹ̀yin tó ń wọ aṣọ méjì nígbà ọyẹ́ tí ẹ ń pe ara yín ní ẹni tí ìyà ń jẹ. Èémí mi jáde lẹ́nu, ó di iyẹ̀fun, ó ṣubú sórí ẹsẹ̀ mi. Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe òkùnkùn alẹ́. Ọ̀sán ibẹ̀ nìyẹn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí adágún náà, ó tẹ́ lọ gbalaja bí dígí tí wọ́n gbé lé ilẹ̀. Mo fẹ̀sọ̀ rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà àna tó jẹ ní gbèsè ìkíni. Àgọ́ náà wà láàárín, awọ ẹran ni wọ́n fi bò ó. Bí mo ṣe wọlé tí mo gbójú sókè, mo rí àwọn ohun kékeré tó ń tàn ní méjì-méjì lára òrùlé. Mo rò pé ìràwọ̀ ni. Ojú ni. Ojú àwọn ọdẹ tó ti wá ṣáájú mi.

Ohùn kan ní, “Ojú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, ti ọdẹ mẹ́jọ. Ibi tí tìrẹ máa wà ṣì ṣófo.” Ẹ̀dá kan jókòó sí igun, ó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ gbálẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní ẹyin dúdú láàárín, kò sì ní ìpéǹpéjú. Afunfungbálẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, òun ló ni adágún. Ó ní, “Àdéhùn mi kò le. Pẹja títí iná rẹ yóò fi kú. Bí ẹja bá wá kí iná tó kú, ẹja di tìrẹ. Bí iná bá kú kí ẹja tó wá, màá yọ ojú rẹ kọ́ sókè, nítorí èmi náà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú ilé mi.”

Mo gbà. Kí ni ìbá ṣe mí tí n kò fi ní gbà? Mo ní tọ́ọ̀ṣì olójú ńlá. Mo fi àáké dá yìnyín lu, mo sọ ìwọ̀ sí i, mo sì tẹ iná mọ́ ẹnu ihò náà. Ó mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ adágún. Mo rí àwọn ẹja náà, wọ́n tó ọmọ odó, ara wọn ń dán. Bí mo ṣe rí wọn, ọwọ́ ọdẹ gbé mi, mo taná sí wọn lójú. Ojú wọn kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì tú ká. Mo dúró. Wọ́n padà wá. Mo tún taná sí wọn lójú. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, ẹ̀yin ará mi, títí mo fi sùn lẹ́ẹ̀mejì níbi ìjókòó, tí iná funfun náà fi ń ta padà lára yìnyín tí omijé ń dà lójú mi tó sì ń dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Lẹ́yìn oorun kejì, tọ́ọ̀ṣì pọ́n bí epo, ó wá pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Agbára oòrùn tí mo sá sínú àwọn ògbólógbòó bátìrì yẹn, òtútù ti fà á mu, àwọn ògbólógbòó sì fa àwọn tuntun mu. Afunfungbálẹ̀ dìde. Mo yára fa àtùpà kékeré yọ, mo tàn án kí èyí tó ń kú tó parí èémí rẹ̀.

Ó tàn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, nítorí òtútù ti wọ inú rẹ̀. Mo rántí Bàbá Mọrúfù. Bátìrì mẹ́ta tó ṣẹ́kù, mo ti fi wọ́n sábẹ́ abíyá, wọ́n gbóná bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó le ni pé bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ wọn, iná gbọ́dọ̀ lọ. N kò ní ọ̀nà mìíràn. Mo yọ mẹ́ta, mo ki mẹ́ta bọ̀ ọ́. Àárín yẹn, nínú òkùnkùn, ọwọ́ tútù kan ti wà lórí ìpéǹpéjú mi.

“Iná rẹ kú.”

“Kò kú, bàbá. Ó ṣẹ́jú ni.”

Ọwọ́ náà dúró. “Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?”

“Ṣé ẹ kì í ṣẹ́jú ni? Àwa ọmọ èèyàn, bí a bá ń wo nǹkan, a máa ń pa ojú dé díẹ̀ ká tó tún là á. Kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́jú tí wọ́n ń gbẹ́ sàréè fún. Ẹ wò ó.” Mo tan àtùpà, mo ṣẹ́jú fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ó tẹjú mọ́ mi, òun tí kò ní ìpéǹpéjú. “Báwo ni ó ṣe ń pẹ́ tó?”

“Ó wà lọ́wọ́ ojú. Ti èmi kò pẹ́. Ti àtùpà a máa pẹ́ díẹ̀, tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta.”

Ó ronú. Ó ní, “Kò burú. Kí ó máa ṣẹ́jú.” Ó padà lọ jókòó, ó sì ń fi ìka gbìyànjú láti ṣẹ́jú tirẹ̀.

Àárẹ̀ mú mi nígbà náà. Ẹ̀yin tó ti rẹ̀ rí mọ̀ pé àárẹ̀ kan wà tó máa ń gba ọgbọ́n àrékérekè lọ́wọ́ èèyàn, tó sì máa ń gba ìgbéraga lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Mo fi ìkọ́ gbé àtùpà náà kọ́ sókè ihò. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè wo omi mọ́. Mo rántí ọ̀nà odò, mo rántí ẹni tó ní, ẹ paná yẹn, ẹ jókòó. Mo yí kókó àtùpà títí iná fi rẹlẹ̀ bí ojú tó fẹ́ sùn. Mo kọ ẹ̀yìn sí ihò náà. Mo di okùn ìwọ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, mo fi bátìrì mẹ́ta tí mo yọ sábẹ́ abíyá kí wọ́n lè gbóná jí padà, mo ń bá Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi: mo ń sọ fún un pé bí ojú mi bá dúró síbí, kí ó mọ̀ pé òun ni wọ́n wò kẹ́yìn. Mo pààrọ̀ bátìrì nígbà mẹ́rin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àwọn bátìrì náà kò fẹ́ jí mọ́, iná náà wá rí fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ kòkòrò. N kò yíjú padà. Nígbà náà ni okùn fà mí lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ jí mi lójú oorun.

Mo fà á jáde. Ẹja náà dùbúlẹ̀ lórí yìnyín, ó tó ọmọ odó. Afunfungbálẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Ẹja di tìrẹ. Àmọ́ a ò tíì sọ̀rọ̀ ohun tí wàá san kí o tó jáde. Gbogbo ohun tó wà nílé mi ló funfun, bí kò bá funfun, òkùnkùn ni. Mo fẹ́ dúdú tí kì í ṣe òkùnkùn.” Mo fún un ní ìbọn mi, bó ṣe fọwọ́ kàn án ló funfun. Mo fún un ní àpò mi, òun náà funfun. Ó mi orí. “Dúdú tó ń hù ni mo fẹ́. Èyí tó jẹ́ pé bó bá tán, yóò tún hù.” Mo mọ ohun tó ń wò. Mo ṣí fìlà. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí mi lẹ́ẹ̀kan, ó dà bí ìgbà tí wọ́n da omi kànga lé mi lórí, ó kó ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gba àkàrà. Ara yìnyín ni mo ti rí ara mi, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́kù. Bàbá àgbà kan ló ń wò mí. Ojú rẹ̀ ti hunjọ, irun rẹ̀ funfun láú.

Mo fi ọwọ́ wá ọ̀nà jáde. Elétí-Ewé-Kókò ní, “Kí ló jókòó, tí ohun tó ń wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá a?” Mo ní, “Iná tó rẹlẹ̀.” Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ?” Mo ní, “Ìyàwó mi.” Ó gbé etí kan sókè bí agbòjò, mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ló kàn. Nígbà tí mo débi tí oòrùn wà, mo jókòó sẹ́bàá odò kan, mo wo ojú mi nínú omi. Èrò kan sì wá sí mi lọ́kàn. Ojú tí Àwẹ̀ró mọ̀ mọ́ mi ni ti ọ̀dọ́kùnrin. Bí ojú rẹ̀ bá fọ́ pátápátá, ọ̀dọ́kùnrin yẹn ni màá máa jẹ́ títí ikú. Bó bá là, bàbá àgbà yìí ni yóò kọ́kọ́ rí. Mo yọ ẹ̀dọ̀ ẹja náà sọ́wọ́. Ó wúwo. Omi ń ṣàn níwájú mi, ó ṣetán láti gbé ohunkóhun lọ. Ẹ má bi mí bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ọwọ́ Àwẹ̀ró ni mo rò, bó ṣe ń fọwọ́ wá ihò abẹ́rẹ́ tí kò rí, tí kò sì bínú. Mo ká ẹ̀dọ̀ náà padà sínú ewé.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé. Ó ní, “Ẹsẹ̀ ọkọ mi nìyí, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́.” Mo yan ẹ̀dọ̀ náà fún un, ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ ẹ́ tán. Olúọ́dẹ ní iná tó bá kọ́kọ́ kan ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀, nítorí náà a ti fèrèsé, mo fi bátìrì tuntun sínú àtùpà kékeré, mo yí kókó rẹ̀ wálẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara mi. N kò fẹ́ fi í pamọ́ fún un. Àwẹ̀ró la ojú. Ó wo àtùpà. Ó wo ògiri, ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá wò mí.

Ó ní, “Ẹ kúulé o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ńkọ́?”

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan etí mi òsì, níbi tí ẹ̀gún ti fà á ya nígbà tí mo wà ní kékeré, ó fi ìka wá a bó ṣe máa ń fi wá ihò abẹ́rẹ́. Mo rí i pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ó ní, “Irun yìí yẹ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.” Ó sì fi ọwọ́ kejì bo ojú, bíi ti ọjọ́ tó gbé ìkòkò omi.

“Ẹ paná yẹn,” ni ó wí. “Ẹ jókòó.”

Òjò ti dá, ẹ̀yin ará mi. Kí kálukú wá bàtà rẹ̀. Àtùpà náà nìyẹn tó wà ní ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ti rẹ̀ mí, ó sì ti rẹ̀ mí láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àwẹ̀ró sọ bẹ́ẹ̀, mo paná, mo sì jókòó.